Iye Tí Merle Dá Lé Ìbọn Náà

Bí ẹ bá gbé ìbọn àtijọ́ lọ bá Merle Kvande nílùú Hatcher, ní Wyoming, kí ẹ tó kí i tán ni yóò ti sọ fún yín pé, "Ẹ má nù ún." Kò ní béèrè àlàáfíà yín, kò ní béèrè bí màlúù ṣe ń ṣe. Ẹ má nù ún, ẹ má fi bébà ìfági ha á, ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ ọmọ yín tó mọ nǹkan tún ṣe fọwọ́ kàn án. Àwọ̀ tó ti ṣá, irin tó ti dípẹtà díẹ̀díẹ̀, igi èèkù tó ti dúdú nítorí òógùn ọwọ́ àwọn tó ti kú, àwọn gan-an ni owó. Ẹni tó bá ń nù ún, owó ló ń nù dànù. Ó ti sọ ọ́ títí tí gbogbo ìlú fi sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Bí Nola tó ni ilé kọfí bá gbé àkísà sórí tábìlì, ẹnì kan á ké láti ẹ̀yìn pé, "Nola, má nù ún o, wàá ba owó rẹ̀ jẹ́." Merle á rẹ́rìn-ín, á sì máa mu kọfí rẹ̀ lọ.

Orúkọ tó ní nílùú náà kì í ṣe kékeré. Kì í gbowó lọ́wọ́ aládùúgbò tó bá ní kó bá òun díye lé ìbọn, páì ni wọ́n máa ń gbé wá fún un. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ra ìbọn tó bá fúnra rẹ̀ díye lé. Òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni, ó sì máa ń fi yangàn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà kan, níṣojú ìyàwó àti àwọn àna Boyd Tarrant, ó sọ fún Boyd, tó ní ilẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, pé ìbọn tó fi owó gọbọi rà, tí wọ́n ní ti ọlọ́ṣà ńlá kan ni, ayédèrú ni. Boyd ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún kan. Àmọ́ láti ìgbà náà, bí Merle bá ti sọ ọ́, abùṣe bùṣe.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ìwọ́wé ni Ardith Pruett, opó Clell, wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbé páì lọ́wọ́ kan, ó gbé àpò ìrọ̀rí lọ́wọ́ kejì, nǹkan tó wúwo sì ń fì nísàlẹ̀ àpò náà. Obìnrin náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún dáadáa, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ṣì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ọkọ rẹ̀ kiri.

"Merle, ṣé o ti jẹun, àbí kọfí nìkan lo tún fi ṣe oúnjẹ?"

"Mo ti jẹun, Mìsíìsì Pruett. Ṣùgbọ́n tí ikùn mi bá ti rí páì yín, kì í rántí mọ́."

"Òpùrọ́. Inez ìyàwó ẹ sọ fún mi pé o kì í jẹ nǹkan kan láàárọ̀." Ó gbé páì kalẹ̀, ó fa àga, ó jókòó. "Ìbọn bàbá bàbá Clell nìyí. Inú àpótí oúnjẹ ẹṣin ló wà láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Clell sọ fún mi kó tó kú pé tí nǹkan bá le koko, kí n gbé e wá bá ẹ. Ó ní ìwọ lo máa sọ òótọ́ fún mi, bó dùn, bí ò dùn."

Merle ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ìbọn náà jáde. Ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ sọ ti dé orí ahọ́n rẹ̀, àmọ́ kò jáde.

Ìbọn ìléwọ́ àwọn ológun ẹlẹ́ṣin ayé ọjọ́un ni, irú èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi àtàǹpàkò fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ yìn ín. Irú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Merle ní mẹ́fà nínú àpótí onígíláàsì tó wà lára ògiri. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni gígùn rẹ̀. Nígbà tí ìjọba kó àwọn ìbọn náà padà lẹ́yìn ogun, wọ́n gé ẹnu ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kúrú, wọ́n sì da àwọn ẹ̀yà ara wọn pọ̀ mọ́ra, débi pé ẹni tó bá rí èyí tó ṣì gùn bí wọ́n ṣe ṣe é, onítọ̀hún ti rí nǹkan. Ti Clell yìí gùn. Kò sẹ́ni tó gé e.

Ó gbé e lọ sójú fèrèsé. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn, ọ̀kan náà ni. Òǹtẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é parí ṣì wà lára igi èèkù, lẹ́tà kéékèèké tó ti fẹ́ẹ̀ parẹ́. Ó fa òòlù sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́tí sí i. Kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló dún, bó ṣe yẹ kó dún. Àwọ̀ búlúù tó fi kúrò nílé iṣẹ́ ti di àwọ̀ ilẹ̀, àmọ́ ó ṣì sá pamọ́ síbi tí ọwọ́ kì í dé. Kò sí ẹni tó nù ún rí. Merle yára gbé ìbọn náà kalẹ̀ kí obìnrin náà má baà rí bó ṣe wù ú tó.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìbọn mẹ́fà tó wà lára ògiri, ìkọ́ kan ṣófo. Láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́ ló ti ń wá èyí tó máa gbé síbẹ̀.

"Ó dára, àbí kò dára?" Ardith bi í.

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Wò ó dáadáa. Kànga mi ti gbẹ, Merle. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ti ń fi ọkọ̀ pọn omi láti ìlú bí ẹni tí kò nílé. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ní omi ti jìn, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án dọ́là ni wọ́n máa gbà. Tí ìbọn yìí bá lè gbé e, mò ń dúró síbi tí mo sin ọkọ mi sí. Tí kò bá lè gbé e, Boyd Tarrant á ra ilẹ̀, èmi á sì lọ bá Jolene ọmọ mi ní Billings. Ó ní yàrá kan wà fún mi. Fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ní màá fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ náà ò mọ irọ́ pa."

Merle mọ iye tí ìbọn náà tó. Kò nílò ìwé kankan. Ẹgbẹ̀rún méjìlá dọ́là, bóyá kó tún lé, ó sì mọ ọkùnrin kan ní Cheyenne tó máa wa ọkọ̀ wá lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bá pè é. Kànga á jáde nínú rẹ̀, owó á tún ṣẹ́ kù tí ìyá náà á fi tún òrùlé ṣe. Ó la ẹnu rẹ̀ láti sọ bẹ́ẹ̀. Títí di òní, tí ẹ bá ní kó búra, á búra pé ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn.

"Irinwó," ló sọ.

Ardith ò gbọ́ dáadáa. "Irinwó kí ni?"

"Irinwó dọ́là, Mìsíìsì Pruett. Wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn láyé ọjọ́un. Ti bàbá bàbá Clell yìí tún ti gbó." Irọ́ kejì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Bóyá kó fi díẹ̀ lé, tí ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀."

Obìnrin náà mi orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó wo ìbọn, ó gbójú sókè wo ògiri, ó wo àwọn ìbọn tó tò síbẹ̀, ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò jiyàn. Kò ní kó tún un wò. Ká ní ó jiyàn ni, bóyá Merle ì bá ríbi yí ọ̀rọ̀ padà.

"Ìwọ ò wá fẹ́ gbà á? Èmi ò lè máa gbé e kiri."

"Ẹ mọ òfin mi, Mìsíìsì Pruett. Èmi kì í ra ohun tí mo bá díye lé."

Ẹ wo ọkùnrin tó ń fi òfin dẹ pàkúté. Ó ti rò ó tán lórí àga tó jókòó sí. Obìnrin náà á lọ sílé, á sùn lé e, á sì padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé, Merle, jọ̀ọ́, gbé nǹkan yìí kúrò lọ́wọ́ mi. Òun á kọ̀ díẹ̀, òun á wá gbà. Òun á san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, iye tó ju irinwó lọ, kí gbogbo ìlú lè rí i bí òun ṣe lawọ́ tó.

"Clell mọ èèyàn," ni Ardith sọ bó ṣe ń dá ìbọn náà padà sínú àpò, tó ń dìde. "Ẹlòmíràn ì bá máa fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí. Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Ìgbà tí ìró ọkọ̀ rẹ̀ ti rọlẹ̀ lójú ọ̀nà ni Merle tó rántí pé òun ò sọ fún un pé kó má nù ún. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún dúró. Ta ló ń sáré tẹ̀ lé èèyàn nítorí ìbọn irinwó dọ́là láti kìlọ̀ pé kó má nù ún? Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ìyá náà á mọ̀. Ó padà sí ìdí tábìlì. Páì náà ṣì gbóná. Ó gbé e fún Inez pé inú ń run òun, ìyàwó rẹ̀ sì fi oògùn inú rírun bọ́ ọ fún ọjọ́ méjì.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, Ardith ò padà wá. Ìkejì kọjá. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti Merle níbi tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Tó bá ń fá irùngbọ̀n, á wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò ní wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí. Tó bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù, á jókòó kẹ̀yìn sí ìkọ́ tó ṣófo. Tó bá sì ṣí omi nínú ilé ìdáná, tí omi náà sì tú jáde fàà, á tètè tì í pa. Inez bi í pé kí ló dé tó ń ṣọ́ omi bíi pé owó ni wọ́n fi ń ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ó wọ ilé kọfí Nola, ó sì bá Boyd Tarrant níbẹ̀ tó ti fẹsẹ̀ nà sábẹ́ tábìlì bí ẹni tó ni ilé.

"Òdodo ti dé," Boyd wí. "Ẹ sún fún un. Nola, bu kọfí fún un, kó tó sọ fún ẹ pé ayédèrú ni."

"Fi ọkùnrin yìí sílẹ̀, Boyd," Nola dá a lóhùn. "Ìwọ lo lọ ra irọ́, òun kọ́ ló tà á fún ẹ."

"Mo ti dárí jì í. Kódà mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Boyd rọra fi ṣíbí ro kọfí rẹ̀. "Ardith ti gbà láti ta ilẹ̀ fún mi. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa tọwọ́ bọ̀wé. Ó ní ìbọn Clell lòun gbọ́kàn lé, Merle sì sọ òótọ́ fún un láìfi bò. Mo sọ fún ìyàwó mi, mo ní ó nira kí èèyàn wo ojú opó kó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ò lè sọ ọ́. Èmi ì bá purọ́."

Àwọn tó wà níbẹ̀ mi orí. Nola gbé búrẹ́dì dídín síwájú Merle, ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ara Merle bù máṣọ. Ó wù ú kí ilẹ̀ ilé kọfí náà lanu kó gbé òun mì tòun ti búrẹ́dì. Ó jẹ ẹ́ tán, nítorí wọ́n ń wò ó.

Kúrò níbẹ̀, ọ̀nà ilé Ardith ló gbà. Ó ti to ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ọkọ̀. Kò ní jẹ́wọ́, irú ìyẹn le jù fún un. Á kàn sọ pé òun tún ìwé wò ni, pé òun ṣèèṣì, pé ojú òun ti ń ṣe bàìbàì. Èèyàn lè ṣèèṣì. Wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù kan, kànga á jáde, ó tán. Bó ṣe ń tún un sọ sí ara rẹ̀ ló ń fúyẹ́.

Ó bá Ardith lẹ́yìn ilé tó ń fa rọ́bà omi láti orí ọkọ̀ sínú ọpọ́n ẹṣin. Ẹṣin kan ṣoṣo ló kù, arúgbó ẹṣin Clell. Merle gba rọ́bà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ò ní iṣẹ́ ni?" Ardith bi í. "Àbí Inez lé ẹ jáde?"

"Mo kàn ń kọjá ni. Mìsíìsì Pruett, ìbọn yẹn. Mo ní kí n tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ojú obìnrin náà yí padà. Ó dà bí ojú ọmọdé tó fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn. "Kò sí nílé."

"Kò sí nílé? Ọwọ́ ta ló wà?"

"Má bi mí. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní kò ju irinwó lọ? Kí lo tún fẹ́ wò lára rẹ̀?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Gbàgbé ọ̀rọ̀ ìbọn. Kò dùn mí mọ́. Mo sunkún fún ọjọ́ kan, ó tán. Wá mu kọfí. Omi díẹ̀ ṣì wà."

Ó ti tà á. Ohun tó sọ sí Merle lọ́kàn nìyẹn. Ẹlòmíràn ti fún un ní irinwó, ó sì ti gbé ẹgbẹ̀rún méjìlá lọ. Ọ̀rọ̀ tó tò pọ̀ nínú ọkọ̀ tú ká mọ́ ọn lẹ́nu. Tó bá sọ ọ́ báyìí tí ìbọn ò sí níbẹ̀ mọ́, kí ni yóò sọ pé ó fà á tóun fi wá? Ó mu kọfí tí wọ́n fi omi ìlú sè, ó bá ìyá náà sọ̀rọ̀ òjò yìnyín àti ẹsẹ̀ ẹṣin, ó dìde. Ohun tó wá dùn ún jù lọ nígbà tó ń wakọ̀ lọ sílé ni pé ara tù ú. Ó tù ú pé òun ò tíì sọ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì ń bọ̀, ó mọ̀, ó sì jẹ́ kó dé, ó jẹ́ kó kọjá.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ṣe ìdágbére fún Ardith nínú gbọ̀ngàn abẹ́ ilé ìjọsìn. Oníkálukú gbé oúnjẹ wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ẹran màlúù wà, ẹ̀wà aládùn wà, ọ̀dùnkún wà tí wọ́n fi wàràkàṣì bò, páì sì gba odindi tábìlì kan. Merle ì bá má lọ. Inez ló ní tí kò bá lọ, kí ni àwọn èèyàn á rò? Ó jókòó sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kóòtù.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Ardith dìde. "Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ," ó bẹ̀rẹ̀, "Clell ló máa ń sọ̀rọ̀ nínú ilé wa, ẹ sì mọ̀ pé ó máa ń sọ ọ́ jù." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ bá mi pọn omi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Boyd, tí kò rẹ́ mi jẹ lórí ilẹ̀ púpọ̀." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, Boyd náà rẹ́rìn-ín. "Ó ku ẹnì kan. Merle, dìde kí wọ́n rí ẹ. Má fi kóòtù bojú."

Ó dìde.

"Ọkùnrin yìí lè sọ ohun tó dùn fún mi. Kò sọ ọ́. Nígbà tí mo tún ní kó gbà á, ó kọ̀, ó ní òfin òun ni. Mo wá rò ó, mo ní, kí ni mo fẹ́ fi ìbọn ṣe ní Billings? Níwọ̀n bí kò ti tó nǹkan kan, kò sí ẹni tó máa sọ pé mo fi ogún ọmọ mi ṣòfò. Garth, gbé e fún un."

Garth, ọmọ àbúrò Clell, tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe ní ìgboro, gbé àpótí kan wá. Igi tó dára ni wọ́n fi kàn án, wọ́n sì fi aṣọ pupa tẹ́ inú rẹ̀. Merle ṣí i.

Ìbọn náà ń tàn bí bọ́ńpà ọkọ̀ tuntun. Kò sí àwọ̀ ilẹ̀ mọ́, kò sí búlúù tó sá pamọ́. Wọ́n ti ha á títí tó fi dán, wọ́n sì ti fi kúróòmù, irin dídán, bò ó látòkè délẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ti wọlé sínú dídán náà. Igi èèkù ti lọ, ike funfun tó ń dán bí ìkarahun ló wà níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ sì kúrú.

"Ó dùn ún ṣe, sà," Garth ń sọ, inú rẹ̀ ń dùn. "Ìdọ̀tí tó wà lára rẹ̀, ẹ ò lè gbà gbọ́. Ẹnì kan ti fi lẹ́tà họ igi ìdí rẹ̀ yánkanyànkan, mo jù ú sínú ààrò. Ẹnu rẹ̀ ló tún gùn jù, kò wọ àpótí, ni mo bá gé e díẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ó bá a mu báyìí."

Ìjọba gbogbo ilẹ̀ náà ò rí ìbọn yìí gé, Garth rí i gé. Merle ò lè bínú sí i. Kò sí ẹni tó sọ fún ọmọ náà pé kó má nù ún.

"Ka ohun tó wà lára rẹ̀," Ardith wí. "Kà á sókè."

Wọ́n ti fín ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́tà tó yí kọ́rọ́bọ́tọ́. Merle wò ó títí, Garth ló bá a kà á: "Fún Merle Kvande, tí kì í purọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n dìde dúró pàtẹ́wọ́. Nola ń fi àkísà ọwọ́ rẹ̀ nu ojú. Inez di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó rí i pé ó tutù nini, ó sì rò pé ayọ̀ ni. Ìtìjú bo Merle láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀, níṣojú gbogbo wọn, ó tiẹ̀ la ẹnu, àmọ́ pàtẹ́wọ́ náà pọ̀, ó sì jẹ́ kó bo òun mọ́lẹ̀.

Ìgbà tí Ardith ń lọ ni ó tẹ̀ lé e jáde. Ọkọ̀ Jolene ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹrù ti kún ẹ̀yìn rẹ̀, Jolene sì ṣì wà nínú gbọ̀ngàn tó ń kó abọ́. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ eruku. Merle gbé àpótí náà dání.

"Mìsíìsì Pruett, mo purọ́ fún yín."

Ó yíjú. "Irọ́ kí ni?"

"Ìbọn yìí. Kì í ṣe irinwó. Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Mo rò pé ẹ máa padà gbé e wá fún mi. Kì í ṣe àṣìṣe, mo mọ iye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀." Omi ti wà lójú rẹ̀. "Mo wá sílé yín lọ́jọ́ tí ẹ ń fún ẹṣin lómi láti wá sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́. Ojú ń tì mí."

Ardith fọwọ́ di aṣọ tó fi wérí mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.

"Èló ni?"

"Ẹgbẹ̀rún méjìlá."

Ó yí ojú sí apá ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣeé rí láti ibẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì bíi ti ẹni tó ń ṣírò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án fún kànga. Kò ṣòro láti mọ ohun tó ń ṣírò.

"Báyìí ńkọ́?" ó bi í.

"Báyìí bí i ti báwo?"

"Ìwọ lo máa ń díye lé e. Bó ṣe wà lọ́wọ́ ẹ yìí, èló ni? Òótọ́ ni kó o sọ fún mi."

Merle ṣí àpótí. Ó wò ó bó ṣe máa ń wo ìbọn gbogbo èèyàn, kúróòmù, ike, ẹnu gígé, orúkọ. Ojú rẹ̀ nìyẹn nínú dídán náà, ó wú, ó sì wọ́.

"Irinwó," ó wí. "Irinwó dọ́là."

Obìnrin náà mi orí lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe mì í nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́sí.

"Mo máa ta àwọn tó wà lára ògiri," Merle ń yára sọ̀rọ̀. "Gbogbo rẹ̀. Mo máa gbé owó náà wá fún yín ní Billings."

"Mo ti tọwọ́ bọ̀wé, Merle. Ilẹ̀ ti di ti Boyd. Kí ni kí n fi kànga ṣe nínú yàrá?" Kò pariwo. Ì bá sàn fún un ká ní ó pariwo. "Lọ́jọ́ tí mo wá, mo rí ìkọ́ kan lára ògiri ẹ tó ṣófo. Mo sọ fún Garth, mo ní ọkùnrin yìí láyè fún un, kò kàn lè béèrè ni. Ìdí tí mo fi ní kí n fún ẹ nìyẹn." Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó wọlé, ó jókòó. "Gbé e kọ́ síbẹ̀."

Ó ti ilẹ̀kùn. Kò tún wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Jolene jáde, ó dì mọ́ Merle, ó ní wọn ò ní gbàgbé oore rẹ̀ láé, ó sì wa ìyá rẹ̀ lọ.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn. Boyd ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní kó jẹ́ kóun rí i lójú oòrùn. Ó gbé ìbọn náà sókè, ó ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó súfèé. Ipa ìka rẹ̀ ti hàn lára kúróòmù, ló bá fi èémí gbígbóná fẹ́ ẹ, ó fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ bo àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ máa nù ún.

"Boyd, má nù ún o," Nola ké láti ẹnu ọ̀nà, "wàá ba owó rẹ̀ jẹ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì yíjú sí Merle, wọ́n ń retí kó rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe.

"Nù ún," Merle sọ fún Boyd. "Máa nù ún."